Ọmọ tí kò jẹun mọ́: ohun tí ìdárayá ọpọlọ lè ṣe fún un, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn òbí, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ní Kàbà. Mo tún un kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú wá, okun o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ tán, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ẹyọ kan péré ni mo mú nínú rẹ̀: ọmọ tí oúnjẹ wà nílé wọn, tí ibà kò mú, tí inú kò run, ṣùgbọ́n tí kò jẹun mọ́, tó ń rù lójoojúmọ́, tí ẹ bá sì bi í, á ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun.

Anọrẹ́síà ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ọdún 1873, William Gull ní Lọ́ńdọ̀nù àti Charles Lasègue ní Páríìsì ṣàpèjúwe rẹ̀, oníkálukú láyè tirẹ̀. Ó wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa èèyàn jù lọ. Ọ̀dọ́langba ló sábà máa ń mú, ó sì pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ ọkùnrin sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé àìsàn òyìnbó nìyẹn, pé àwa tí a ń wá oúnjẹ kiri, báwo ni ọmọ wa ṣe máa kọ oúnjẹ? Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà tó ní in. Èyí tó wá kan àwa gan-an ni ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 láti Gánà. Ilé ẹ̀kọ́ girama méjì ni wọ́n lọ ní apá àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n wọn ọmọbìnrin 668. Ọmọ 10 ló rù kọjá ààlà tí wọn kò sì rí ìdí kankan fún rírù náà ju pé wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn febi pa ara wọn. Àwọn ọmọ yìí kò sọ pé àwọn sanra, wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ rí bí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gbè é lẹ́sẹ̀, inú wọn sì dùn sí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ilẹ̀ wa. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kàbà níbí, kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í gbààwẹ̀. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ máa ń ṣínu. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kì í fẹ́ kí àkókò ìṣínu tó. Ìjọ kéde ọjọ́ mẹ́ta, ó sọ tirẹ̀ di méje. Ìjọ ṣe tán, òun ṣì ń bá a lọ, ó ní Ọlọ́run fi ẹrù kan sí òun lọ́kàn. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Níbi tí wọ́n ti ń yìn ín yẹn ni àìsàn ti ń wọlé sí i lára.

Nílé ńkọ́? Bí nǹkan oṣù ọmọ bá ti dúró, oyún ni ìyá kọ́kọ́ ń rò. Wọ́n á ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò ní kẹ́míìsì, kò ní sí oyún. Wọ́n á ra òmíràn, nítorí ìyá kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Bí ti oyún bá tán, á kan taifọ́ọ̀dù, á kan ọ́sà, wọ́n á fa omi sí i lára, ní ìgbẹ̀yìn wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Oṣù mẹ́fà á ti lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe é ti wà lójú gbangba. Òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta. Irun múlọ́múlọ́ ń hù sí i lápá. Òun ló ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé, òun ló ń bù ú fún àwọn àbúrò, á sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí òkèlè tó lọ sí ọ̀fun tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé, ẹ má wulẹ̀ retí pé ẹnikẹ́ni á tètè rí i.

Ó sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ gidi. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kì í pẹ́ dé kíláàsì. Bó bá gba ilẹ̀ dé ìdajì tí ẹ dá a dúró, á padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ìkòkò mìíràn se ọbẹ̀, ó ti tán nìyẹn, kò ní fẹnu kàn án. Ẹ̀yin olùkọ́ fẹ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀. N kò dá yín lẹ́bi, nítorí ọmọ yín yòókù kò jẹ́ kí ẹ sinmi.

Líle ọkàn yìí, ìyẹn kí ọkàn di ojú kan mú kó má lè yí padà, ni mo fẹ́ ká gbájú mọ́. Ṣé ó ti wà lára ọmọ kí àìsàn tó dé, àbí ebi ló fà á? Méjèèjì ni. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 1944 sí 1945, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ancel Keys, kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tó kọ̀ láti jagun nítorí ẹ̀rí ọkàn, tí wọ́n sì fínnúfíndọ̀ gbà pé kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù. Ara wọn le, orí wọn pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo wọn ti lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkàn wọn ló ya àwọn dókítà lẹ́nu: ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba gbogbo èrò wọn, wọ́n ń kó ìwé bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ jọ, wọ́n ń fi wákàtí méjì jẹ àwo kan, inú ń bí wọn sódì, wọn kò lè pa ọkàn pọ̀ sí ojú kan. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwòrán ọpọlọ pàápàá fi hàn pé ọpọlọ ẹni tó ní anọrẹ́síà ń sún kì, àti pé ó ń padà bọ̀ sípò bí ara bá ti ń padà.

Fún ìdí yìí, bí ẹ bá ń bá ọmọ tó ti rù dé egungun jiyàn, tí ẹ ń to àlàyé sílẹ̀ fún un, ọpọlọ tó máa fi gbọ́ àlàyé yẹn gan-an ni ebi ti dè. Ó ti di ojú kan mú, kò lè kúrò níbẹ̀. Ó ń ka gáàrí ní hóró-hóró, kò rí i pé òun ń kú lọ.

Ibẹ̀ ni ìdárayá ọpọlọ ti wọlé, ìyẹn àwọn eré kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọkàn bí á ṣe máa yí kúrò lójú kan. Fún àwọn tí orí wọn fara pa àti àwọn tó ní àrùn ọpọlọ skisofréníà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Kate Tchanturia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Maudsley àti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù tún un ṣe fún anọrẹ́síà. Ìjókòó mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni, ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́ẹ̀kan. Òfin kan wà níbẹ̀ tó jọ mí lójú: wọn kì í dárúkọ oúnjẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìwúwo. Eré kékeré ni wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ṣe ṣe eré náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bí mo ṣe rí i. Ọmọbìnrin kan, n kò ní sọ ìlú rẹ̀, jókòó níwájú mi. Mo fún un ní àwòrán kan tí èmi kò gbọ́dọ̀ wò, mo mú bébà àti pẹ́ńsù. Òun á máa sọ, èmi á máa yà. Ó ní, "Ẹ fa ìlà kan, kó gùn tó ìka mẹ́rin. Rárá, ó lé díẹ̀. Ṣé ẹ ní rúlà?" Mo ní n kò ní rúlà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n fa ìlà mìíràn láti ìdí ti àkọ́kọ́, kó dagun díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí bébà mi fi dà bí ìtàkùn. Nígbà tó fi tirẹ̀ hàn mí, onígun mẹ́rin kan ni, onígun mẹ́ta wà lórí rẹ̀, òbìrí kékeré wà láàárín. Mo ní, "Kí ni èyí jọ?" Ó wò ó, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ilé ni." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bó bá ti sọ "ilé" ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, à bá ti ṣe tán.

Kì í ṣe yíyàwòrán ni iṣẹ́ náà, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: "Ibo tún ni o ti ń ṣe báyìí?" Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní bí òun bá ń kàwé fún ìdánwò, gbogbo ìwé náà lòun máa ń dà kọ, títí dórí àmì ìdánudúró, ilẹ̀ á sì mọ́ lójú ìwé kan ṣoṣo. Èmi kọ́ ló sọ ọ́ fún un. Òun ló rí i.

Ti ìtàn náà wà. Wọ́n máa ń fún ọmọ ní lẹ́tà gígùn kan kó sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Àwa ní àlọ́, kí ni a ń wá lẹ́tà kiri sí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá ní kí ẹ wá àlọ́ Ìjàpá tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti dé: bí kò jí iṣu, á jí ẹ̀wà, bí kò sì jí ẹ̀wà, á jẹ àsèjẹ Yánníbo. Èyí tí mo rí lò ni ti ìgbà tó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tó gbé e kọ́ ọrùn síwájú, tó fẹ́ fi gun igi lọ tọ́jú rẹ̀. Akèrègbè wà láàárín òun àti igi, kò lè gùn ún. Ó ń gbìyànjú bákan náà, ó ń já bọ́ bákan náà, títí ìgbín fi kọjá tó ní, "Ìjàpá, o kò ṣe gbé e sẹ́yìn?" Ọmọ tó ní àìsàn yìí á tún ìtàn náà sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ní kó dín in kù di gbólóhùn márùn-ún, á là á já. Ẹ ní kó di ẹyọ kan, ibẹ̀ ni òógùn ti ń bọ́. Ẹ má fi ìtàn náà bá a wí o! Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé "ìwọ náà rí bí Ìjàpá." Kókó gbólóhùn kan ni ẹ bi í.

Òmíràn kò gbà ju báírò méjì lọ. Ẹ fi báírò pupa kọ DÚDÚ, ẹ fi báírò dúdú kọ PUPA, ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́wàá, ẹ pa á pọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ kà á bó ṣe wà; bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, kó máa pe àwọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́; bí ẹ bá tún pàtẹ́wọ́, kó padà sí kíkà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé, ahọ́n yín á lọ́. Yíyí ọkàn kúrò lórí òfin kan bọ́ sí òmíràn láìbínú ni ó ń kọ́ni.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àmúrelé, àwọn nǹkan kéékèèké: kó gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kó jókòó sí àga mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ká aṣọ kó má sì tún un ká. Èyí tó kẹ́yìn yẹn le fún wọn ju ìdánwò ìṣirò lọ.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ sílé pẹ̀lú báírò méjì kó ní òun ti rí oògùn. Líle ọkàn yìí hàn lára àgbàlagbà tó ti pẹ́ nínú àìsàn náà ju bó ṣe hàn lára ọ̀dọ́langba lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní in. Nígbà tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọn kò rí i pé ìdárayá yìí ń mú kí ọmọ sanra ju ìtọ́jú tó kù lọ. Kí ló wá dára nínú rẹ̀? Ní ọdún 2013, James Lock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford ní Amẹ́ríkà pín èèyàn 46 sí ọ̀nà méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ogún ọdún. Wọ́n fi ìdárayá ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtọ́jú alọ́rọ̀sísọ nìkan bẹ̀rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ló sá kúrò lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú alọ́rọ̀sísọ nìkan. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìdárayá, ìdá 13 ni. Ìwádìí kékeré ni, n kò ní fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe mọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú láti bá ọmọ tó ní anọrẹ́síà sọ̀rọ̀ rí mọ ohun tí àìsá túmọ̀ sí. Ọmọ tí kò gbà pé òun ń ṣàìsàn kò ní wá sọ́dọ̀ yín nítorí oúnjẹ. Ó lè wá nítorí eré tí kò kan oúnjẹ, ibi eré yẹn ni yóò ti mọ̀ yín.

Oúnjẹ ni oògùn, àwọn tó sì ń fún un ni òbí. Láti Maudsley kan náà ni ìtọ́jú tí ìdílé ti ń ṣe ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990: fún ìgbà díẹ̀, òbí á gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọ pátápátá. Ìyá ló ń bù ú, òun ló ń sọ pé ó tó, ẹnìkan á sì jókòó tì í títí á fi tán, láìsí èébú, láìsí ìjà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 pẹ̀lú ọ̀dọ́ 121, ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìdílé tọ́jú ló ti sàn pátápátá. Àwọn tí wọ́n dá nìkan bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ìdá 23. Lójú tèmi, ilé tiwa rọrùn fún èyí ju ilé òyìnbó lọ. Bí ìyá bá lọ sọ́jà, ìyá àgbà wà ńlẹ̀. Bó bá rẹ ìyá àgbà, àbúrò bàbá wà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ìyá àgbà máa ṣàánú ọmọ, kó ní, "Fi í sílẹ̀, á jẹ ẹ́ tó bá yá." Gbogbo ilé ní láti fẹnu kò.

Ewu kan wà tí mo bẹ yín pé kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọmọ tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má ṣe gbé òkìtì iyán síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ fipá mú un. Èròjà fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn dá iṣẹ́ dúró. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń dákú, tí kò lè dìde láti ìjókòó láìfọwọ́ ti nǹkan, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù kéré sí 50 ní ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀sán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré báírò mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìbáà ṣe Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, kí ẹ tó ro ohun mìíràn.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn rèé.

Màmá kan béèrè bóyá eré orí fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo ní fóònù kò lè bi ọmọ pé "ibo tún ni o ti ń ṣe báyìí?" Bàbá kan ní ayò ọlọ́pọ́n ńkọ́? Ayò dára, ó ń jẹ́ kí ojú ká gbogbo ilé ayò lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lè fi ṣí ìjókòó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ borí kò ní fẹ́ dúró sọ bó ṣe ń ronú.

Pásítọ̀ kan fẹ́ mọ ohun tí òun lè ṣe nípa ti ààwẹ̀. Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ náà, níwájú àwọn òbí rẹ̀, pé kò sí ààwẹ̀ fún un títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Bí èmi bá sọ ọ́, á ní aláìnígbàgbọ́ ni mí.

Nọ́ọ̀sì kan láti ọ̀nà Mọ̀pà ló béèrè ìkẹ́yìn: ta ni kó ṣe é, olùkọ́ ni àbí àwọn? Èsì mi ni pé nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó kọ́ nípa ọpọlọ ni kó máa jókòó ti ọmọ, nítorí ó ní ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó tètè rí ọmọ tó ń rù, kó pe òbí, kó sì gba ọmọ láyè láti jáde ní kíláàsì lọ́jọ́ ìjókòó láìkéde ìdí rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́. Nọ́ọ̀sì náà gba ẹ̀dà àwọn àwòrán tí mo mú wá, ó ní àlọ́ Ìjàpá náà òun yóò kọ tirẹ̀ ní èdè Ìyàgbà.